Bí Ọ̀rẹ́ Kòríkòsùn Bá Ń Ni Ọmọbìnrin Yín Lára: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí

Fóònù gbọ̀n lórí tábìlì. Ọmọbìnrin yín wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. Ó tẹ "Jọ̀ọ́, má bínú", ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. Ẹ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó ní kò sí nǹkan. Ẹ bi í pé kí ló ṣe tó fi ń bẹ̀bẹ̀, ó ní òun náà ò mọ̀, inú ṣáà ń bí i. Ẹni tínú ń bí yìí kì í ṣe ọ̀tá o. Ọ̀rẹ́ kòríkòsùn rẹ̀ ni, tí wọ́n jọ ń lọ tí wọ́n jọ ń bọ̀.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí òbí lẹ́nu ni àṣẹ: "Mi ò fẹ́ rí ìwọ àti ọmọ yẹn pọ̀ mọ́!" Ẹ gbé e mì ná. Ọ̀rẹ́ yẹn ti ń bá a pinnu aṣọ tó máa wọ̀, ẹni tó máa kí àti àwòrán tó máa gbé sórí Instagram. Bí ẹ̀yin náà bá wá ń bá a pinnu ẹni tó máa bá ṣọ̀rẹ́, ọ̀gá ló kàn pààrọ̀. Ohun tó máa rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ràn òun ló ni òun, kó máa darí òun bó ṣe wù ú. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ yẹn léwu ju ọ̀rẹ́ náà lọ, torí á tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ àfẹ́sọ́nà, á sì tẹ̀ lé e dé ilé ọkọ. Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni kí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn ọ̀ràn kan wà tí òbí gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kíá. A máa dé ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìjà lásán ni

Àwọn ọ̀dọ́langba máa ń jà. Wọ́n á jà láàárọ̀, wọ́n á ti parí ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, òbí tó ti bá wọn dá sí i ló máa wá kù sójú ìjà. Nínú ìjà lásán, ọ̀rọ̀ máa ń dun àwọn méjèèjì. Tí ẹnì kan bá bẹ̀bẹ̀ lónìí, ẹnì kejì á bẹ̀bẹ̀ nígbà míì. Àmọ́ nínú àjọṣe tó ń pa ọmọ lára, ẹnì kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ ṣáá. Ẹ ṣọ́ ọ bóyá ẹ máa rí irú nǹkan wọ̀nyí léraléra:

- Wọ́n ń yàn án lódì. Ọ̀rẹ́ náà ò ní dá a lóhùn fún ọjọ́ mélòó kan, kò sì ní sọ ohun tó fà á, títí ọmọ yín á fi bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọ̀.
- Wọ́n ń fi ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ tàbí máàkì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ẹlòmíì. Tó bá dùn ún, wọ́n á ní kò mọ eré.
- Àṣírí tó fọkàn tán an sọ ti di ohun tí wọ́n fi ń halẹ̀ mọ́ ọn.
- Kò gbọ́dọ̀ bá ẹlòmíì rìn. Bó bá jókòó ti ẹlòmíì, ọ̀dàlẹ̀ ni.
- Òfin ń yí padà. Ohun tó dáa lánàá ti di ẹ̀ṣẹ̀ lónìí, torí náà kò sígbà tọ́kàn rẹ̀ balẹ̀.

Lọ́dún 1995, Nicki Crick àti Jennifer Grotpeter, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí jáde lórí irú ìkà báyìí, èyí tí kò lo ẹ̀ṣẹ́ rárá, tó jẹ́ pé àjọṣe gan-an ni ohun ìjà rẹ̀: kí wọ́n yọ ẹnì kan sẹ́yìn, kí wọ́n tan ọ̀rọ̀ rẹ̀ kálẹ̀, kí wọ́n ní "mi ò ní bá ẹ ṣọ̀rẹ́ mọ́ bó ò bá ṣe tèmi." Láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n wò, àwọn ọmọbìnrin ló ń ṣe é jù. Òbí kì í sì í tètè rí i, torí pé kò lo ẹ̀ṣẹ́. Ojú ò wú, aṣọ ò ya.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò jù ni bó ṣe máa ń rí lẹ́yìn tó bá ti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ náà dé. Ọ̀rẹ́ gidi lè pariwo, ó lè jẹ́ aláìgbọ́ràn, kí ẹ má tiẹ̀ nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ rárá, síbẹ̀ kí ọmọ yín máa ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìyẹn ò sí lára ohun tí à ń sọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ńṣe ló máa ń wọlé bí ẹni tí okun ti tán lára rẹ̀, tí inú ń run ún láràárọ̀ ọjọ́ ilé ìwé, tára rẹ̀ sì ń yá gágá láwọn ọjọ́ ìsinmi, tí kò ṣe eré tó fẹ́ràn mọ́, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yọ tiyín kúrò níbẹ̀

Òbí tí wọ́n ti fi irú ìyà yìí jẹ nígbà èwe rẹ̀ máa ń fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ gbẹ̀san. Ẹ mọ èyí tó jẹ́ tiyín nínú ìbínú náà. Ẹ má sì bú ọ̀rẹ́ yẹn lójú ọmọ yín, ì báà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ní kété tẹ́ ẹ bá ti pè é ní ọmọ burúkú, ọmọ yín á di lọ́yà rẹ̀, gbogbo agbára tó yẹ kó fi ro ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló máa fi gbèjà ẹ̀. Ìwà ni kẹ́ ẹ máa dárúkọ: "Ohun tó sọ yẹn ò dáa." Ọmọdé ni òun náà, ẹ ò sì mọ ohun tójú rẹ̀ ń rí nílé wọn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ á fi jáde

Ẹ má pè é kó wá jókòó. "Wá, mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀" máa ń já ọmọ láyà, ẹnu rẹ̀ á sì pa dé. Ìgbà tọ́wọ́ bá dí, tójú ò sì kan ojú, lọ̀rọ̀ ọ̀dọ́langba máa ń jáde: nínú ọkọ̀, nídìí abọ́ tẹ́ ẹ jọ ń fọ̀, níbi tẹ́ ẹ ti jọ ń ká aṣọ, tàbí nígbà tẹ́ ẹ bá ti pa iná yàrá tẹ́ ẹ sì ń sọ pé ó dàárọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ìgbà tó ti rẹ̀ yín, tẹ́ ẹ fẹ́ lọ sùn, ló máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó. Oorun á dúró.

Ohun tẹ́ ẹ rí ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ohun tẹ́ ẹ ti parí èrò sí bẹ̀rẹ̀. "Mo rí i pé o ò jáde ní yàrá látìgbà tó o ti dé láti ibi ọjọ́ ìbí yẹn." Ẹ wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn á gùn ju bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kó gùn.

Ìyá: "Ó jọ pé ohun tó sọ yẹn dùn ẹ́."

Ọmọ: "Kò dùn mí. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ìyá: "Bó ṣe máa ń ṣe."

Ọmọ: "Àbí ẹ ò rí i, tí mo bá ti jókòó ti ẹlòmíì báyìí, ó máa ní mo já òun sílẹ̀. Ó máa wá sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n má dá mi lóhùn."

Ìyá: "Hùn-ún."

Ọmọ: "Ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe dáadáa sí mi nígbà míì o, Mọ́mì. Ẹ má wá rò pé èèyàn burúkú ni."

Ẹ wo ohun tí ìyá yẹn ṣe. Kò bi í ní ìbéèrè kankan, ọ̀rọ̀ ọmọ ló fi dá ọmọ lóhùn, ọmọ wá tú u jáde fúnra rẹ̀. Ó máa ń rọ̀ mí lọ́rùn láti sọ ju kí n ṣe é lọ, torí ahọ́n òbí kì í gbélé.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń ti ilẹ̀kùn: "Mo ti sọ fún ẹ tẹ́lẹ̀." "Ìyẹn náà lo torí ẹ̀ ń sunkún?" "Nígbà tiwa…" "Gbé e kúrò lọ́kàn." Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ìfẹ́ la fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń sọ fún ọmọ pé ìrora rẹ̀ kì í ṣòótọ́. Lọ́dún 2003, Naomi Eisenberger àtàwọn tí wọ́n jọ ṣèwádìí ní kí àwọn èèyàn ṣe eré jíju bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ sì ń ya àwòrán ọpọlọ wọn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, àwọn yòókù ò ju bọ́ọ̀lù sí wọn mọ́. Apá kan nínú ọpọlọ wọn tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ibì kan bá ń ro èèyàn lára bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Eré kọ̀ǹpútà lásán nìyẹn, pẹ̀lú àwọn tí wọn ò mọ̀ rí. Ẹ wá fi wé ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó láti ọdún mẹ́ta, tó yí tábìlì kẹ̀yìn sí i lójú gbogbo kíláàsì.

Lẹ́yìn tó bá sọ ọ́ tán, ẹ bi í pé: "Ṣé o fẹ́ kí n kàn gbọ́ ni, àbí ká jọ ronú sí i?" Bó bá ní kẹ́ ẹ kàn gbọ́, ẹ gbọ́, ẹ má fi ìmọ̀ràn lé e. Bó bá ní kẹ́ ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣèlérí ohun tẹ́ ẹ lè má lè mú ṣẹ. Ẹ sọ pé: "Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ sọ fún ẹ." Ìyẹn ṣeé dúró lé lórí.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ jẹ́ kó ṣe ìṣirò ẹ̀ fúnra rẹ̀

"Ó máa ń ṣe dáadáa sí mi nígbà míì." Òótọ́ ni. Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó dé ilé ìwé tuntun. Ó lè jẹ́ òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń pa á lẹ́rìn-ín. Bẹ́ ẹ bá sẹ́ oore yẹn, ẹ ti pàdánù ọ̀rọ̀ náà. Kódà, oore tó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ìyà ló ń so ọmọ mọ́lẹ̀ jù lọ, torí pé ojoojúmọ́ ló ń retí kó tún padà.

Torí náà, ẹ bi í nípa oore náà kẹ́ ẹ tó bi í nípa ìyà. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè kan lónìí, òmíì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀:

"Tí nǹkan ayọ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ, ṣé òun lo máa ń fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, àbí òun lo máa ń fi pa mọ́ fún?"

"Kí lo máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tó ò ṣe mọ́ látìgbà tẹ́ ẹ ti ń ṣọ̀rẹ́?"

"Ká ní àbúrò rẹ lẹnì kan ń ṣe báyìí sí, kí lo máa sọ fún un?"

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń dé ibi tọ́rọ̀ wà. Ọmọ tó ń gba ìgbákúgbà fún ara rẹ̀ kì í gbà á fún àbúrò rẹ̀.

Bó bá fẹ́ràn ìwé kíkọ, ẹ ní kó máa kọ ìlà kan tàbí méjì sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá jọ wà: ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe rí lára rẹ̀. Ìwé tiẹ̀ ni, ẹ má kà á. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á rí ohun tí ẹnu yín ò lè fi hàn án.

Àmọ́ o, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ yìí di orin alaalẹ́. Ìwádìí tí Amanda Rose tẹ̀ jáde lọ́dún 2002 fi hàn pé bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń tú ìṣòro kan palẹ̀ lójoojúmọ́, tí wọ́n ń tún un sọ láìjáwọ́, àárín wọn máa ń ṣe tímọ́tímọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ àti àníyàn máa ń bá a rìn. Àwọn ọ̀rẹ́ ló ṣèwádìí nípa wọn, àmọ́ ìyá àti ọmọ náà lè já sínú kòtò kan náà. Ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ wá lọ ṣe nǹkan míì tí kò kan ọ̀rẹ́ yẹn rárá.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, kẹ́ ẹ sì fi dánra wò

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ ohun tó yẹ kí wọ́n sọ, nígbà tí wọ́n bá ti délé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọpọlọ ọ̀dọ́langba yàtọ̀ níwájú ẹgbẹ́. Lọ́dún 2005, àwọn olùṣèwádìí méjì, Margo Gardner àti Laurence Steinberg, ní kí àwọn ọ̀dọ́langba àti àwọn àgbà wa ọkọ̀ nínú eré kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ojúgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ewu tí àwọn ọ̀dọ́langba kó ara wọn sí pọ̀ gan-an ju ti ìgbà tí wọ́n dá wà, ó sì nípa lórí wọn ju bó ṣe nípa lórí àwọn àgbà lọ. Nítorí náà, ẹ má retí kó lọ ronú kan gbólóhùn níbẹ̀. Gbólóhùn náà gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó délé ìwé.

Kó kúrú. Àlàyé gígùn ń fún ẹni tó fẹ́ jà níbi tó máa dì mú. Àpẹẹrẹ:

Bí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyẹn ò pa mí lẹ́rìn-ín." Kó má rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀rín ìtìjú tó máa ń rín yẹn ni wọ́n ń kà sí pé ó gbà.

Bí wọ́n bá ní kó má bá ẹnì kan rìn: "Mo lè bá ẹ rìn, kí n sì bá òun náà rìn."

Bí wọ́n bá yàn án lódì: "Bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, sọ ohun tí mo ṣe fún mi, màá sì bẹ̀ ẹ́. Bí o ò bá sọ, mi ò mọ ohun tí màá bẹ̀ ẹ́ lé lórí." Ẹ̀ẹ̀kan ni kó sọ èyí. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ mọ́. Bí ẹ bá lè ran ọmọ yín lọ́wọ́ láti ṣe ẹyọ ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ìwé yìí, kó jẹ́ kó dẹ́kun bíbẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọ̀. Odì kì í lágbára lórí ẹni tí kò sáré tẹ̀ lé e.

Bí wọ́n bá ń kán an lójú: "Jẹ́ kí n rò ó ná."

Ẹ wá fi ṣeré nílé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ́kọ́ ṣe bí ọ̀rẹ́ náà, kí ẹ̀yin ṣe bí ọmọ. Ẹ máa gbọ́ nǹkan! Ohùn yẹn, bó ṣe máa ń fojú gbá èèyàn nílẹ̀, ohun tó máa ń sọ gan-an, gbogbo ohun tí kò sọ fún yín látọjọ́ yìí ló máa jáde nínú eré yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀. Ẹ má rọra ṣe é fún un. Ẹ rẹ́rìn-ín sí i, ẹ yínmú, ẹ ní "ọ̀rọ̀ ẹ ti pọ̀ jù", kó lè mọ bó ṣe ń rí láti dúró síbẹ̀. Bí wíwo ojú bá le fún un, kó wo àárín iwájú orí onítọ̀hún. Tó bá ti sọ ọ́ tán, kó yíjú, kó máa lọ.

Ẹ tún fún un ní ọ̀nà àbáyọ kan tí kò ní gba ìgboyà kankan. Ẹ jọ mú àmì kan, lẹ́tà kan tàbí àwòrán kékeré kan, tó jẹ́ pé bó bá fi ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù, ẹ máa pè é lójú ẹsẹ̀ pé kó máa bọ̀ nílé kíá. Ó lè dá yín lẹ́bi níwájú wọn: "Mọ́mì mi ti bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn, mo ní láti lọ." Ẹ gbà kí wọ́n pè yín ní ìyá tó le.

Ìgbésẹ̀ 6: Fóònù

Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí sísọ òótọ́ fún yín bá ti jẹ́ kó pàdánù fóònù rẹ̀, kò tún ní sọ òótọ́ mọ́. Dípò ìyẹn, ẹ jọ jókòó tì í.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí páásíwọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń fún ara wọn ní tiwọn, wọ́n ní ẹ̀rí ìfẹ́ ni. Kó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ pátá, kó sì wò ó bóyá ọ̀rẹ́ náà ṣì ń rí ibi tó wà lórí máàpù. Lórí WhatsApp, ó lè jáde nínú gúrúùpù wọ́ọ́rọ́wọ́. Láti 2022, àwọn alákòóso gúrúùpù nìkan ni WhatsApp máa ń fi tó létí. Ó tún lè lọ sí Settings, kó wọ Privacy, kó wọ Groups, kó yan àwọn tó lè fà á wọ gúrúùpù, kí wọ́n má bàa dá a padà síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Lórí Instagram, èyí tó ń jẹ́ Restrict máa ń dáa ju dídínà mọ́ èèyàn pátápátá lọ lákọ̀ọ́kọ́, torí onítọ̀hún ò ní mọ̀: bó bá kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán ọmọ yín, òun nìkan lá máa rí i àyàfi bí ọmọ yín bá fọwọ́ sí i, bó bá sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kò ní mọ̀ bóyá wọ́n ti kà á. Dídínà máa ń dá ìjà sílẹ̀ nígbà míì. Kó wà ní ìpamọ́ fún ìgbà tó bá le.

Kó tó pa ohunkóhun rẹ́, kó ya àwòrán ojú fóònù, kí orúkọ àti ọjọ́ hàn lórí rẹ̀.

Lálẹ́, kí fóònù máa sùn síta yàrá. Àjọ àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà, American Academy of Sleep Medicine, sọ pé wákàtí 8 sí 10 ló yẹ kí ọmọ ọdún 13 sí 18 máa sùn, aago kan òru sì ni irú ìjà yìí máa ń gbóná jù. Ti gbogbo ilé ni kó jẹ́ o, tiyín náà. Bó bá jẹ́ tiẹ̀ nìkan, ìyà lásán ni.

Kí ẹ máa yọ́ kà á ńkọ́? Mi ò fara mọ́ ọn, àfi bí ẹ bá rí ewu irú èyí tó wà ní Ìgbésẹ̀ 9.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ la ọ̀nà míì fún un

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ fún ọmọ tó ń sunkún. Ní ọmọ ọdún 14, ọ̀rẹ́ kan lè jẹ́ gbogbo ayé. Ẹni tí kò bá níbòmíì tó lè jókòó sí kò ní kúrò níbi tó wà, bó ti wù kí ibẹ̀ gbóná tó.

Ẹ wá ibi tí ọ̀rẹ́ yẹn ò sí: ẹgbẹ́ akọrin, eré ìdárayá, kíláàsì àwòrán yíyà, àwọn ọmọ mọ̀lẹ́bí tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ọ̀rẹ́ kan péré níbẹ̀ tó. Ẹ má sì bá a yan ọ̀rẹ́ o. Ẹ gbé e débẹ̀, ẹ padà wá gbé e, ẹ jẹ́ kó lè mú èèyàn wálé láìsí pé ẹ ń fọ̀rọ̀ wá onítọ̀hún lẹ́nu wò bí ọlọ́pàá.

Ìgbésẹ̀ 8: Bó bá fẹ́ fi í sílẹ̀

Ọ̀nà méjì ni. Ó lè máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀: kó pẹ́ kó tó dáhùn, kó ní iṣẹ́ míì lọ́wọ́, kí wọ́n di ẹni tó ń kíra lásán. Fún àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, èyí ló máa ń fa wàhálà tó kéré jù. Tàbí kó sọ ọ́ sójú: "Bí a ṣe ń ṣe sí ara wa ń dùn mí. Mo fẹ́ ká sinmi ná." Kó má ka ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀, kó má kọ ọ́ ní ìwé gígùn ránṣẹ́, torí ìwé yẹn máa di ohun tí gbogbo kíláàsì ń kà.

Ẹ kìlọ̀ fún un ṣáájú pé ó máa kọ́kọ́ burú kó tó dáa. Ẹ̀bẹ̀ lè wá, ẹkún lè wá, ẹ̀bùn lè wá. Bí ìwọ̀nyẹn ò bá ṣiṣẹ́, irọ́ lè tẹ̀ lé e, àwọn míì á sì gbè sẹ́yìn ọ̀rẹ́ náà. Ẹ jọ ṣètò àwọn ohun tó dà bí kékeré: ta ló máa jókòó tì nígbà ìsinmi? Ọ̀nà wo ló máa gbà lọ sí kíláàsì? Bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n pín ara wọn méjì-méjì ńkọ́? Ọmọ tó bá mọ ibi tó máa jókòó sí láago mẹ́wàá àárọ̀ ti borí ìdajì ẹ̀rù náà.

Ẹ má sì yọ̀. Ọ̀fọ̀ ló ń ṣe. Bó bá sunkún nítorí ẹni tó fìyà jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kó sun ún.

Ìgbésẹ̀ 9: Ìgbà tí òbí gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀

Lílù, ìhalẹ̀ pé wọ́n máa pa á lára, gbígba owó lọ́wọ́ rẹ̀ tipátipá: ẹ má dúró. Ẹ sọ fún ọmọ pé ẹ̀ ń lọ, kẹ́ ẹ wá lọ.

Àwòrán ìhòòhò. Bí ọ̀rẹ́ náà bá ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tó fi ń halẹ̀, ẹ má bú ọmọ, ẹ má sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, kódà bí ẹ̀rí. Níbi púpọ̀, ọ̀ràn ni lábẹ́ òfin. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Take It Down, tí àjọ National Center for Missing and Exploited Children ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní 2023, fún àwòrán tí wọ́n yà nígbà tí ẹni náà ò tíì pé ọdún 18. Kò béèrè orúkọ. Fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín ló máa yọ nọ́ńbà kan látinú àwòrán náà, àwòrán fúnra rẹ̀ ò ní kúrò lọ́wọ́ yín. Nọ́ńbà yẹn làwọn iléeṣẹ́ tó bá wọn lọ́wọ́ sí i máa fi ń wá àwòrán náà lórí ìkànnì wọn láti yọ ọ́ kúrò.

"Bó o bá fi mí sílẹ̀, màá pa ara mi." Bí ọ̀rẹ́ bá sọ èyí, ì báà jẹ́ ìhalẹ̀ ì báà jẹ́ òótọ́, àgbàlagbà gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an: òbí ọ̀rẹ́ yẹn, tàbí ilé ìwé. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kì í ṣe òfófó ló ṣe. Ẹ̀mí ẹlòmíì kì í ṣe ẹrù ọmọ ọdún 14.

Bó bá sì jẹ́ ọmọ tiyín ló ń gé ara rẹ̀, tí kò jẹun, tó ń sọ pé ayé á sàn láìsí òun, ẹ bi í láìfi bọ̀ lábẹ́ ahọ́n: "Ṣé o ń ronú láti pa ara rẹ?" Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn, ńṣe ló ń jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn àti ohun mímú kúrò nítòsí, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ ẹ bá ń lọ sílé ìwé, ẹ mú ìwé kan lọ: ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀, àwòrán ojú fóònù. Ẹ má béèrè pé kí wọ́n fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe, ìgbà tí wọ́n máa ṣe é, àti ẹni tẹ́ ẹ máa padà wá bá. Kí wọ́n yí ìjókòó rẹ̀ padà máa ń wúlò ju ìpàdé ńlá lọ. Ìpàdé tí wọ́n ti máa ní kí àwọn méjèèjì gbá ara wọn mọ́ra ò dáa níbi tí ẹnì kan bá ti ń bẹ̀rù ẹnì kejì. Ẹ lè sọ pé ẹ ò fẹ́.

Ìgbésẹ̀ 10: Òbí ọ̀rẹ́ náà

Bí kò bá sí ewu, ẹ má pè wọ́n. Gbogbo òbí ló máa gbèjà ọmọ rẹ̀, ọmọ yín ló sì máa jẹ̀yà ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bó bá pọn dandan, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ má sọ irú ọmọ tí ọmọ wọn jẹ́. Ẹ sì múra láti gbọ́ pé ọmọ yín náà ní tiẹ̀ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bá a sọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa fẹ́ kí òbí ìyẹn bá tiẹ̀ sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 11: Bó bá padà síbẹ̀

Ọ̀pọ̀ ló máa ń padà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa délé lọ́jọ́ kan, ẹ máa bá àwọn méjèèjì nínú yàrá tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ kí ọmọ náà dáadáa. Nígbà tó bá ti lọ, ẹ bi ọmọ yín pé: "Kí lo fẹ́ kó yàtọ̀ lọ́tẹ̀ yìí?" Ẹ tún bi í pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ tó fi máa mọ̀ pé kò yàtọ̀. Kó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, kó jẹ́ nǹkan pàtó, bíi "bó bá tún ní kí wọ́n má dá mi lóhùn." Ẹ rán an létí pé àmì orí fóònù yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ má fagi lé kíláàsì tàbí eré tó ti bẹ̀rẹ̀ níbòmíì, kẹ́ ẹ sì mú ọjọ́ kan ní oṣù tó ń bọ̀ tẹ́ ẹ máa tún jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀.